Ibo ni kí ọmọ Filipínì tó ti pẹ́ lókè òkun padà fẹ̀yìntì sí? Ilẹ̀ ẹbí, Dumaguete tàbí Tagaytay

Akin_Leeds

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Filipínì ni ìyàwó mi, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe, agbègbè Iloilo ní erékùṣù Panay ni wọ́n ti bí i. Ó ti di ọmọ onílùú Britain, páspọ́ọ̀tù Britain lèmi náà ń lò. Ó fẹ́ ká fẹ̀yìntì sí ìlú wọn, mo sì ti gbà. Ibi tí a máa gbé gan-an ni a kò tíì fẹnu kò lé lórí.

Mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí wọn wà ní abúlé kan létí òkun ní ìhà àríwá Iloilo, orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ tó ti kú ló ṣì wà lórí ìwé rẹ̀. Dumaguete wà ní erékùṣù Negros, àwọn àjèjì tó ti fẹ̀yìntì pọ̀ níbẹ̀. Tagaytay sì wà nítòsí Manila, ibẹ̀ tutù ju àwọn yòókù lọ. Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Britain ni a máa fi jẹun. Kí ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Kí ló sì máa ń bá àwọn tó padà sílé lójijì?

IyaNosi_Croydon

Àbúrò, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìlú sílẹ̀ ná. Ìwé ìyàwó yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Òun ló máa sọ ìwọ̀n ilẹ̀ tí ẹ lè rà, ẹ̀dínwó tí ẹ máa rí gbà, àti bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe máa wọ ìlú náà.

Wọ́n ní òfin kan tó ń jẹ́ RA 9225, ti ọdún 2003. Ẹni tí wọ́n bí ní ọmọ Filipínì, tó wá gba ìwé ìlú mìíràn, lè búra kó sì tún di ọmọ onílùú padà, ti Britain kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ẹ́ḿbásì wọn ní London ń ṣe é. Ẹ máa kó ìwé ìbí tí PSA, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ìbí níbẹ̀, fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ, ìwé tó sọ ọ́ di ọmọ onílùú Britain, páspọ́ọ̀tù Filipínì àtijọ́ bó bá ṣì wà, ti Britain tó ń lò, fọ́tò àti fọ́ọ̀mù. Owó rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 50 dọ́là. Lẹ́yìn ìbúra, wọ́n á fún un ní ìwé ìdánimọ̀ tó máa fi gba páspọ́ọ̀tù Filipínì tuntun.

Orúkọ ló máa ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró. Àwọn obìnrin Filipínì tó ń jẹ́ Maria pọ̀, "Ma." sì ni akọ̀wé kọ sínú ìwé ìbí wọn, nígbà tó jẹ́ "Maria" gbọọrọ ló wà nínú páspọ́ọ̀tù Britain. Ojú èèyàn méjì ni ìwé á fi wò wọ́n. Àṣìṣe akọ̀wé bí irú èyí, RA 9048 ti ọdún 2001 gba ọ́fíìsì tó ń forúkọ ìbí sílẹ̀ ní ìlú tí wọ́n ti bí i láyè láti tún un ṣe láì dé ilé ẹjọ́. Ẹ parí ìyẹn kí ẹ tó mú ọjọ́ ìbúra. Bí ẹ bá sì ṣègbéyàwó nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ onílùú ibẹ̀, tí ẹ kò fi tó ẹ́ḿbásì létí, ẹ fi ìròyìn ìgbéyàwó náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Físà yín máa bèèrè rẹ̀.

Ẹ̀dínwó àgbàlagbà wà lábẹ́ RA 9994. Ọmọ onílùú tó ti pé ẹni 60 ọdún, tó sì ń gbé níbẹ̀, ló wà fún. Ẹni tó tún di ọmọ onílùú padà gbọ́dọ̀ ti gbé níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ àgbàlagbà (OSCA) ní ìlú tó ń gbé ló ń fún un ní káàdì. Bí owó oògùn bá jẹ́ 1,120 pésò pẹ̀lú VAT, wọ́n á kọ́kọ́ yọ VAT ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, ó di 1,000. Wọ́n á wá yọ ìdá 20 nínú èyí, ó di 800. Ẹ máa wo rìsíìtì dáadáa o, torí àwọn ilé ìtajà kan ń yọ ìdá 20 láì yọ VAT. Ti iná àti omi kò ju ìdá 5 lọ, ó sì ní láti jẹ́ pé orúkọ àgbàlagbà náà ló wà lórí mítà, pé iná tí ẹ lò lóṣù kò kọjá 100 kWh, pé omi kò sì kọjá 30 cubic metre. Ilé tó bá ń tan ẹ̀rọ amúlétutù lójoojúmọ́ kò lè rí ti iná gbà. Ẹ̀yin ọkọ kò sí nínú gbogbo èyí, ẹ má fi ṣírò owó tiyín.

BabaHouston

Mọ̀mí ti sọ ti ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀ gan-an. Ìjì líle bí ogún ló ń wọ agbègbè òkun Filipínì lọ́dún, bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú wọn ló sì ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Ìmìtìtì ilẹ̀ àti òkè oníná tún wà. Kò sí ìlú tó bọ́ lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ má bèèrè ìlú tí kò léwu. Ewu tí ojú ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ kọ́lé sí yẹn gan-an ní ni kí ẹ bèèrè.

PHIVOLCS, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ òkè oníná àti ìmìtìtì ilẹ̀, ní ohun èlò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ HazardHunterPH. Ẹ tẹ ojú ibi tí ilẹ̀ náà wà lórí máàpù, á sọ bó ṣe jìnnà sí ojú ẹ̀là ilẹ̀, bóyá ilẹ̀ rẹ̀ lè yọ́ bí ẹrẹ̀ nígbà ìmìtìtì, bóyá omi òkun lè ya bò ó nígbà ìjì, bóyá òkè lè ya lé e. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ilẹ̀ bá súnmọ́ ojú ẹ̀là, wọ́n ní kí ilé fi mítà 5 ó kéré tán jìnnà sí i.

Wàyí o, ẹ wo mẹ́ta yín. Àríwá Iloilo létí òkun ni ìjì Yolanda gbà kọjá ní ọjọ́ 8 oṣù 11 ọdún 2013. Estancia àti Concepcion rí i gidi gan-an. Ìjì yẹn kan náà ló gbé òkun wọ Tacloban, òkú tí wọ́n kà lápapọ̀ sì ju 6,000 lọ. Mi ò sọ pé kí ẹ pa ilẹ̀ ẹbí tì. Bí ẹ bá máa kọ́lé síbẹ̀, ẹ sún un sẹ́yìn sí ibi tó ga, kí òrùlé dojú kọ ìhà mẹ́rin, kí irin sì so òrùlé mọ́ ògiri, kó má jẹ́ ìṣó lásán.

Tagaytay jókòó sórí etí ihò Taal. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2020, òkè náà bú, eérú sì bo ìlú. Bó bá jẹ́ òtútù lẹ ń wá, Baguio ga tó mítà 1,500, ó sì tutù jù ú lọ, àmọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1990 wó ilé ńláńlá níbẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ tún jẹ́ àkàsọ̀ àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Eékún ẹni 75 ọdún ni kí ẹ fi ronú, ẹ má fi ti òní ronú.

Dumaguete tẹ́jú, àgbàlagbà lè fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀. Òkè Kanlaon tó bú lẹ́ẹ̀mejì ní 2024 wà lórí erékùṣù kan náà, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí i. Ìjì Odette ti oṣù 12 ọdún 2021 kan apá ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ní Negros àti Cebu ló sì wà láìní iná fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìlú Iloilo fúnra rẹ̀ rí omíyalé ńlá nígbà ìjì Frank ní oṣù 6 ọdún 2008. Bí ẹ bá ń wo ilé níbẹ̀, ẹ bi àwọn aládùúgbò ibi tí omi yẹn dé lára ògiri. Ọ̀pọ̀ wọn á fọwọ́ tọ́ka sí i.

IyaNosi_Croydon

BabaHouston, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni mo máa fi ṣáájú ìjì. Ìjì a máa wá, a sì máa lọ. Rọpárọsẹ̀ àti kíndìnrín kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìlú Iloilo ní ilé ìwòsàn tó pọ̀ ju èyí tí ẹ lè lò lọ: Western Visayas Medical Center ti ìjọba, St. Paul's, Iloilo Doctors', The Medical City. Dumaguete ní ti Silliman University àti ti ìjọba agbègbè. Tagaytay, bí àìsàn bá le, Manila ni wọ́n máa gbé yín lọ, bíi kìlómítà 60, ẹ sì mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe ń dí lópin ọ̀sẹ̀. Ní ti abúlé, ẹ gbé ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú ara, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí òjò máa rọ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ẹ ka ìṣẹ́jú rẹ̀. Bó bá kọjá wákàtí kan àti ààbọ̀, mi ò ní gbà kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru máa gbé ibẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó lo ọgbọ̀n ọdún ní Britain máa ń gbàgbé. Nílé ìwòsàn ibẹ̀, wọ́n retí pé kí ẹnìkan jókòó ti aláìsàn tọ̀sán tòru. Òun ló ń sáré lọ ra oògùn, òun ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, òun ló ń bá ọ́fíìsì owó sọ̀rọ̀. Ta ló máa ṣe é fún yín ní Dumaguete? Ní Iloilo, àwọn ọmọ àbúrò ìyàwó yín wà.

Ilé ìwòsàn aládàáni máa ń bèèrè owó àsansílẹ̀. Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, RA 10932 ti ọdún 2017 kò gbà wọ́n láyè láti bèèrè rẹ̀ kí wọ́n tó tọ́jú èèyàn. Ẹ sì fi orúkọ ìyàwó yín sílẹ̀ ní PhilHealth, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba. Ọmọ onílùú tó ti pé 60 ni òfin kà mọ́ ọn láìsan owó oṣooṣù láti 2014. Kò ní gbé gbogbo owó náà, ẹ ṣì ní láti ní owó ìtọ́jú lọ́tọ̀.

Loya_OmoEkiti

Ẹ ṣé, Mọ̀mí. Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ gba èyí sọ́kàn: ẹ̀yin kò lè ní ilẹ̀ ní Filipínì. Òfin ìpìlẹ̀ ìlú wọn (constitution) ti 1987 kò gba àjèjì láyè, àfi ogún tó bá tọ́ sí i lábẹ́ òfin. Orúkọ ìyàwó yín ni ìwé ilẹ̀ máa jẹ́, wọ́n á kàn kọ ọ́ pé "married to" ẹ̀yin. Ní 2006, ọkọ ìyàwó kan, ọmọ Jámánì, gbé ọ̀rọ̀ owó tó fi ra ilẹ̀ ní Antipolo dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀, wọ́n kò dá a padà fún un. Owó tí ẹ bá fi sílẹ̀, ẹ fi sí i pẹ̀lú ìmọ̀ yẹn. Ẹ lè ní yàrá nínú ilé condo lórúkọ yín, bí àwọn àjèjì kò bá kọjá ìdá 40 nínú ilé náà. Ẹ tún lè háyà ilẹ̀ fún ọdún 25, kí wọ́n sì tún un ṣe fún 25 sí i.

Bí ìyàwó yín kò bá búra padà, ó ṣì lè ra ilẹ̀ ilé gbígbé, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí: 1,000 square metre nínú ìlú tàbí hẹ́kítà kan ní ìgbèríko, lábẹ́ òfin BP 185. Bó bá búra, ààlà yẹn kò kàn án mọ́.

Tí ẹ bá máa ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ má gba ìwé owó orí ilẹ̀ (tax declaration) bí ẹni pé ìwé ilẹ̀ ni. TCT ni ìwé ilẹ̀. Ẹ lọ fúnra yín sí Registry of Deeds, ọ́fíìsì tó ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀, torí ẹ̀yìn ni gbèsè àti ẹjọ́ máa ń wà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba pín fún àgbẹ̀ (CLOA), ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lè tà á. Létí òkun, òfin ya ọ̀nà etí omi sọ́tọ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn: mítà 3 nínú ìlú, mítà 20 ní ilẹ̀ oko, mítà 40 nínú igbó. Èyí kan ilẹ̀ ẹbí yín gan-an. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fa ìlà ìpìlẹ̀.

Owó orí fún ilẹ̀ tí wọ́n tà ní 2,000,000 pésò: ìdá 6, ìyẹn 120,000, ti olùtà ni gẹ́gẹ́ bí àṣà. Owó sítáńbù ìdá 1.5, ìyẹn 30,000. Owó ìyípadà orúkọ tí ìjọba agbègbè (province) ń gbà kò ju ìdá 0.5 lọ, ìyẹn 10,000. Iye tí ìjọba fi sí ilẹ̀ ni wọ́n á lò bó bá ju iye tí ẹ sọ lọ, nítorí náà kíkọ iye kékeré sínú ìwé kò ràn yín lọ́wọ́. Ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí nótárì bá ti fọwọ́ sí i ni ìdá 6 yẹn gbọ́dọ̀ wọlé. Bó bá pẹ́, ìtanràn ìdá 25 ni, èlé ìdá 12 lọ́dún sì tún wà lórí rẹ̀.

Akin_Leeds

Ẹ ṣeun gan-an ni. Lọ́yà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí yẹn: bàbá àgbà kú ní 1998, bàbá ìyàwó mi kú ní 2019. Bàbá rẹ̀ ní àbúrò mẹ́rin, méjì wà ní Canada, ọ̀kan wà ní California, ọ̀kan ló ń gbé orí ilẹ̀ náà. Kí ni ká ṣe?

Loya_OmoEkiti

Ogún méjì ni ẹ ní lọ́wọ́, ẹ má kà á sí ẹyọ kan. Òfin tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí olóògbé kú ni wọ́n ń lò. Ti 1998 wà lábẹ́ òfin àtijọ́, tí owó orí rẹ̀ ń gòkè bí ogún bá ṣe tó, títí dé ìdá 20. Ti 2019 jẹ́ ìdá 6, wọ́n sì ń kọ́kọ́ yọ 5,000,000 pésò kúrò nínú ogún. Ìpín bàbá ìyàwó yín lè má kan owó kankan, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìwé rẹ̀ síbẹ̀. Àforíjì owó orí ogún tí wọ́n ṣe parí ní ọjọ́ 14 oṣù 6 ọdún 2025, nítorí náà ìtanràn ti 1998 máa wà.

Bí olóògbé kò bá fi ìwé ìhágún (will) sílẹ̀, tí kò sì sí gbèsè, gbogbo ajogún lè jọ fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín ogún náà láì dé ilé ẹjọ́. Wọ́n á gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ọ́fíìsì owó orí (BIR) á fún yín ní ìwé eCAR tó fi hàn pé ẹ ti san owó orí, Registry of Deeds á wá yí orúkọ padà. Àkọlé kan máa wà lórí ìwé ilẹ̀ tuntun fún ọdún méjì, pé ajogún tí wọ́n bá yọ sílẹ̀ ṣì lè wá bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín máa rí i.

Àwọn tó wà ní Canada àti California lè fọwọ́ síwèé níwájú nótárì ibẹ̀, kí wọ́n fi apostille sí i, ìyẹn ẹ̀rí ìjọba tó ń jẹ́ kí ìlú mìíràn gba ìwé náà. Filipínì wọ ètò yẹn ní oṣù 5 ọdún 2019, Canada wọ̀ ọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2024, nítorí náà wọn kò nílò kí ẹ́ḿbásì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìwé agbára aṣojú (SPA) gbọ́dọ̀ dárúkọ nọ́ńbà ìwé ilẹ̀ àti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí aṣojú lè ṣe. Èyí tó kàn sọ pé "kó bójú tó dúkìá mi" ni ọ́fíìsì máa dá padà. Tí ẹnìkan ṣoṣo bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ ló kù, ọdún ni ìyẹn ń gbà. Ẹ bá àbúrò tó ń gbé orí ilẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òun ni ọ̀rọ̀ yìí máa dùn jù bí ẹ bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Sade_Dubai

Ẹ̀gbọ́n Akin, tiyín gan-an ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá jọ wọlé pẹ̀lú ìyàwó yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ọdún kan láìgba físà, Balikbayan ni wọ́n ń pè é. Ẹ jọ dúró níwájú òṣìṣẹ́ kan náà, ẹ mú ìwé ìgbéyàwó àti tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ dání, kí ẹ sì sọ ọ́ kó tó tẹ sítáńbù. Ẹ ka sítáńbù náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá dá wọlé lọ́jọ́ mìíràn, ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa rí. Bó bá jẹ́ páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan ni ẹlòmíràn tó ń ka èyí ní, kó gba físà ní ẹ́ḿbásì kó tó gbéra, torí Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọ́n ń bèèrè físà lọ́wọ́ wọn.

Láàárín ọdún yẹn, ẹ bèèrè físà 13(a) ti ọkọ ọmọ onílùú. Ọdún kan ni ti ìdánwò, lẹ́yìn náà ó di ti títí lọ. Ní gbogbo oṣù kìíní sí ìparí oṣù kejì, ẹ máa yọjú sí ọ́fíìsì Immigration, 310 pésò ni. Ìgbéyàwó ni físà náà dúró lé o, ẹ jẹ́ kí lọ́yà ibẹ̀ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún yín bí ìyàwó bá ṣáájú.

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Èyí dára fún yín. Filipínì wà lára àwọn ìlú tí Britain ti ń fi owó ìfẹ̀yìntì kún lọ́dọọdún. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀: ẹni tó bá gbé tirẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, iye tó bá a débẹ̀ ni yóò máa gbà títí. Pension Credit, owó ìrànwọ́ fún àgbàlagbà tí owó tó ń wọlé fún un kéré, kì í tẹ̀lé èèyàn lọ ibì kankan. Wọ́n tún máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ẹ ṣì wà láàyè. Àdírẹ́sì abúlé tí lẹ́tà kì í dé ló ń mú kí owó dúró, nítorí náà ẹ lo àdírẹ́sì inú ìlú.

Èrò mi: ẹ háyà ilé ní ìlú Iloilo fún ọdún kan, ní Jaro, La Paz tàbí Mandurriao. Oṣù kan owó ilé àti oṣù méjì owó ìdúró ni wọ́n ń gbà. Ẹ gbé ibẹ̀ ní oṣù kẹrin nígbà tí ooru ń mú tí omi sì ń dínkù, ẹ gbé e ní oṣù kẹsàn-án nínú òjò. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ lọ dúró lójú pópó yẹn lálẹ́ Sátidé, torí ẹ̀rọ videoke lè kọrin di òru, àkùkọ ìjà sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin. Ẹ bèèrè ti iná náà: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2024, gbogbo erékùṣù Panay wà lókùnkùn fún ọjọ́ mélòó kan. Èdè tún ṣe pàtàkì. Hiligaynon ni ìyàwó yín ń sọ, òun ni wọ́n ń sọ ní Iloilo. Cebuano ni ti Dumaguete, òun náà á dà bí àlejò níbẹ̀.

BabaHouston

Mo fara mọ́ Sade. Iloilo fún ìgbé, kí abúlé jẹ́ ibi ìsinmi.

Akin_Leeds

Ọ̀rọ̀ yín ti là mí lójú. Ìwé ìbí PSA la máa kọ́kọ́ bèèrè, Iloilo la máa háyà. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ká kó mọ́tò wa àti ẹ̀rọ ìfọṣọ dání?

Sade_Dubai

Mọ́tò, rárá. RA 8506 ti ọdún 1998 fòfin de mọ́tò tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, irú ti Britain sì nìyẹn. Iná ibẹ̀ jẹ́ 220 volt, kò jìnnà sí 230 ti Britain, ṣùgbọ́n 60 Hz ni, ti Britain jẹ́ 50. Kẹ́tùrù àti áyọ́ọ̀nù kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n ohun tó bá ní ẹ̀rọ tó ń yí nínú lè sáré jù tàbí kó gbóná jù. Ẹ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ níbẹ̀. Ẹnu ihò iná wọn jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹlẹbẹ. Ní ti ẹrù ilé, olùgbé tó padà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè kó èyí tí iye rẹ̀ tó 350,000 pésò wọlé láìsan owó ibodè. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, àpótí kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, kí àwọn aṣọ́bodè má bàa tú gbogbo rẹ̀.